Àìná Ọnàbólú àti Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́-Ọnà ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Kì í ṣe àìlówó nìkan ni ó ń sọ ilé-ẹ̀kọ́ di aláìní. Bí àwọn tí ó dá a sílẹ̀ kò bá retí ohun ńlá lára ọmọ, aláìní náà ni. Bí ó ti rí ní ilẹ̀ wa nìyí láàárín 1900 sí 1920. Ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣírò ni àwọn ìjọ àti ìjọba amúnisìn tẹnu mọ́, nítorí pé akọ̀wé ni wọ́n ń wá. Ọmọ agbẹ́gilére àti ọmọ aláró fi ọnà ilé wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́.

Àìná Ọnàbólú, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, ni ó dìde sí ọ̀ràn yìí. Àwòrán inú ìwé òyìnbó ni ó ń wò tí ó fi kọ́ ara rẹ̀ ní àwòrán yíyà. Àwọn òyìnbó kan ń sọ nígbà náà pé aláwọ̀ dúdú kò lè ya ènìyàn kí ó jọ ọ́. Ọnàbólú kò fi ẹnu lásán jiyàn; ó ya Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906. Ní 1920 ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó padà dé ní 1922, ó ń lọ láti ilé-ẹ̀kọ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán. Ó sì ń rọ ìjọba láti fi olùkọ́ kún un, títí Kenneth Murray fi dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí pé ọ̀nà àwọn méjèèjì yàtọ̀. Ọnàbólú fẹ́ kí ọmọ wa mọ ọgbọ́n àwòrán ti Yúróòpù. Murray ní kí ó má ṣe òyìnbó jẹ, kí ó wo iṣẹ́ ọwọ́ àti ìgbésí ayé ìlú rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: a nílò méjèèjì. Ní 1937 a pàtẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Murray ní Lọ́ńdọ̀nù. Ben Enwonwu wà lára wọn.

Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ àwa olùkọ́? Ilé-ẹ̀kọ́ tí òrùlé rẹ̀ ń jò ni a sábà máa ń sọ fún pé iṣẹ́-ọnà kò kàn án. Ìtàn yìí takò ó. Amọ̀ wà létí odò, èédú wà nídìí àdògán. Ọmọ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí ó dára, ó ṣòro láti mú un gbà pé òun kò lè mọ̀wé.