Ǹjẹ́ Richard Steele Tètè Dá Ìjà Náà Dúró Jù?

Àwọn àgbà a máa wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo rántí ní alẹ́ ọjọ́ kan tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan jókòó nínú yàrá láti wo fíìmù ìjà ẹ̀ṣẹ́ kan tí wọ́n ti jà kí a tó bí èyíkéyìí nínú wa. Bí ìjà náà ti parí ni ariwo sọ. Ọ̀kan nínú wa ní olè ni rẹfirí. Òmíràn ní olùgbàlà ni. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kí a tó sùn. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n gbé ẹjọ́ náà kalẹ̀ níwájú yín, kí a gbọ́ tọ̀tún kí a sì gbọ́ tòsì.

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1990 ni ìjà náà wáyé ní ìlú Las Vegas ní Amẹ́ríkà. Julio César Chávez, ọmọ Mẹ́síkò, ni ó dojú kọ Meldrick Taylor, ọmọ ìlú Philadelphia. Ọba ẹ̀ṣẹ́ ni àwọn méjèèjì láàrin àwọn tí ìwọ̀n wọn kò ju pọ́n-ùn 140 lọ, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sì dé wọn ládé. Títí di ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó tíì borí èyíkéyìí nínú wọn. Taylor ti gba wúrà ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Los Angeles ní 1984, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17 péré. Ọwọ́ rẹ̀ yá púpọ̀. Ọwọ́ Chávez kò yá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ wúwo bí ọmọ odó.

Abala 12 ni wọ́n fi ìjà náà sí, ìṣẹ́jú 3 sì ni abala kọ̀ọ̀kan. Fún ọ̀pọ̀ nínú abala 11 àkọ́kọ́, Taylor ni ó ń kó ẹ̀ṣẹ́ bo ẹnìkejì rẹ̀. Nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta tí ó jókòó sẹ́yìn okùn, ẹnìkan fún un ní máàkì 108 sí 101, èkejì fún un ní 107 sí 102. Ẹnì kẹta nìkan ni ó fi Chávez síwájú, 105 sí 104. Ṣùgbọ́n máàkì kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣẹ́ Taylor ni ó pọ̀ jù, ti Chávez ni ó ń dun egungun. Ojú Taylor ti wú, ẹnu rẹ̀ sì kún fún ẹ̀jẹ̀.

Nígbà tí ó ku abala kan ṣoṣo, àwọn olùkọ́ Taylor sọ fún un pé dandan ni kí ó jẹ abala náà. Bí ó ti jáde lọ jà nìyẹn, níbi tí ì bá ti máa yẹ̀, kí ó sì máa sá kiri. Akínkanjú tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bá ogun lọ. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí agogo ìkẹyìn lù, Chávez fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a, ó sì ṣubú ní igun. Ó di okùn mú, ó dìde. Rẹfirí, Richard Steele, kà dé ẹ̀jọ, ó sì bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ le. Taylor kò dáhùn; ọ̀dọ̀ olùkọ́ rẹ̀, Lou Duva, tí ó ti gun etí pèpéle ìjà, ni ó kọjú sí. Steele tún bi í. Kò sí èsì. Ni Steele bá ju ọwọ́ méjèèjì, ó ní ìjà parí. Ìṣẹ́jú àáyá 2 ni ó kù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn tí inú bí. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò náà. Bí a bá tilẹ̀ fún Chávez ní máàkì 10 sí 8 ní abala ìkẹyìn nítorí pé ó gbá ẹnìkejì rẹ̀ lulẹ̀, Taylor ì bá ṣì borí lọ́wọ́ adájọ́ méjì, 116 sí 111 àti 115 sí 112. Kí Chávez tó rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, agogo ì bá ti lù. Ta ni ìṣẹ́jú àáyá méjì yóò pa? Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwọ̀n, èmi kò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ọkùnrin kan fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rà ni ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n kí ni iṣẹ́ rẹfirí gan-an? Èdè wa ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. Àwọn mẹ́ta tí ń kọ máàkì ni adájọ́. Ẹni tí ó wà láàrin àwọn oníjà ní orúkọ tirẹ̀ lọ́dọ̀ Yorùbá: onílàjà ni. Ẹni tí ń la ìjà kì í bèèrè ẹni tí ó jàre, kì í sì í wo aago. Ohun tí ó ń wò ni pé kí ẹnikẹ́ni má baà kú. Steele fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn ìjà náà pé ọ̀rọ̀ aago kọ́ ni òun ń rò. Bí a bá ní kí ó fi ẹni tí kò lè dáhùn sílẹ̀ nítorí pé ìṣẹ́jú àáyá 2 ni ó kù, bí ó bá ku 5 ńkọ́? Bí ó bá ku 10 ńkọ́?

Ìtàn ti dáhùn ìbéèrè yìí. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1962, ní New York, Emile Griffith há Benny Paret mọ́ igun ní abala 12, ó sì ń lù ú láìdáwọ́ dúró. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni rẹfirí Ruby Goldstein fi pẹ́. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Paret kú.

Ẹnìkan lè wí pé Taylor dìde, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kí onítọ̀hún rántí Davey Moore, ẹni tí ó gba adé lórí Hogan Bassey, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di ọba ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé. Ní oṣù Kẹta 1959, lẹ́yìn abala 13, Bassey kò dìde lórí àpótí rẹ̀ mọ́. Adé bọ́, orí kò bọ́: Bassey wà láàyè títí di 1998. Ní oṣù Kẹta 1963, Moore náà pàdánù adé ọ̀hún fún Sugar Ramos. Lẹ́yìn ìjà, ó bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn èyí ni ó dákú, kò sì jí mọ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ 25 oṣù náà. Ìdúró nìkan kì í ṣe ẹ̀rí àlàáfíà.

Taylor pàápàá ńkọ́? Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ ní alẹ́ náà. Egungun ojú rẹ̀ ti fọ́, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, ó sì ti gbé ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ mì. Ó tún jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, Chávez sì tún lù ú ní abala 8 ní 1994. Ní ìgbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ kò já geere lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ìdájọ́ tèmi nìyí. Bí a bá wo aago, Steele fi ìṣẹ́jú àáyá méjì yá. Bí a bá wo ara Taylor, ó pẹ́. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ tí kò ka máàkì dáradára, tí wọ́n rán an lọ jà nígbà tí ìsá tó láti gbà á là, ni kí a kọ́kọ́ bi léèrè. Àwọn ènìyàn fi ariwo ẹ̀gàn ta Steele fún ọ̀pọ̀ ọdún ní pápá ìjà. Bẹ́ẹ̀ ni ti onílàjà máa ń rí: ẹni tí ó gbà sílẹ̀ lè má dúpẹ́ láéláé, nítorí ikú tí ó yẹ̀ lórí ẹni kì í hàn sójú.