Ta ló bi Olúorogbo léèrè?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ Hísítírì odindi jókòó ó ń wo kàtúùn. Mo wò ó, òun ló sì jẹ́ kí n mú bírò.

Moremi lorúkọ fíìmù náà. Shofela Coker, ọmọ Nàìjíríà, ló darí ẹ̀. Ó wà lára mẹ́wàá tí àwọn ọmọ Áfíríkà ṣe fún Disney, tí wọ́n kó jọ sábẹ́ àkọlé Kizazi Moto, tó jáde ní oṣù Keje ọdún 2023. Kò gùn rárá. Ẹ̀mí ọmọdékùnrin kan, Luo, ló sọnù sáàárín àwọn òmìrán tó ń jẹ ẹ̀mí. Mọremí, tí wọ́n sọ di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀, ló gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àfi kí Luo rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn Ifẹ̀ rí ti mọ ibi tó ń lọ.

Ìtàn ọ̀hún, ta ni ò mọ̀ ọ́n? Láti pírámárì la ti ń gbọ́ ọ. Àwọn ará Ugbò (kì í ṣe Ìgbò ti apá ìlà-oòrùn o, ẹ má ṣì í mú) máa ń da koríko àti ìkó bora wọ Ifẹ̀, wọ́n á kó ẹrú, wọ́n á kó ẹrù. Àwọn ará Ifẹ̀ rò pé iwin ni wọ́n, ṣe ni wọ́n ń sá. Mọremí lọ sí odò Ẹ̀sìnmìrìn, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́, ó sì jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú. Ó di ìyàwó ọba lọ́hùn-ún, ó rí i pé ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni wọ́n, ó sá padà wálé, ó ní kí wọ́n máa fi ògùṣọ̀ dúró dè wọ́n. Koríko àti iná, ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe máa rí. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun ni odò wá béèrè ẹ̀jẹ́ ẹ̀. Kò gba màlúù, kò gba àgùntàn. Olúorogbo ló gbà, ọmọ kan ṣoṣo tí Mọremí bí.

Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní ọdún 1897, èyí tí kò jáde títí di ọdún 1921. Lọ́dọ̀ Johnson ni mo ti ka ohun tí olùkọ́ wa ò sọ fún wa ní pírámárì. Ó ní àwọn ará Ifẹ̀ bá Mọremí sunkún, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn á máa jẹ́ ọmọ fún un títí láé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó wá ní ọmọ náà ò tíì kú tán. Nígbà tí àwọn èèyàn ti lọ, ó dìde, ó fi okùn gun òkè ọ̀run lọ.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Ọmọ náà jí, ó lẹ́sẹ̀, ó mọ ọ̀nà ilé. Kò kọrí sílé. Mo ka ojú ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti bi í léèrè kí wọ́n tó mú un lọ sétí odò. A máa ń pè é ní ìfẹ́ ìlú, a máa ń ní Mọremí yọ̀ǹda ọmọ ẹ̀. Lójú tèmi, kì í ṣe bá a ṣe ń yọ̀ǹda ọmọ nìyẹn. Ẹni tó yọ̀ǹda ọmọ ṣílẹ̀kùn fún un kó lọ ibi tó ń lọ. Mọremí fi ọmọ san gbèsè ni, gbèsè tí ọmọ ò mọ ìgbà tí wọ́n jẹ ẹ́.

Ìyá ọmọ náà là ń rántí jù. Orúkọ ẹ̀ wà lára họ́sítẹ̀ẹ̀lì àwọn obìnrin ní UNILAG àti ní OAU. Lọ́dún 2016, Ọọ̀ni Adéyẹyè Ògúnwùsì ṣí ère ẹ̀ ní Ifẹ̀, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42. Inú Olúgbò ti Ugbò ò dùn sí i, kò sì yà mí lẹ́nu, ẹni tí wọ́n finá sun baba ńlá ẹ̀ ò ní wá patẹ́wọ́. Fíìmù kékeré yìí ló fi ọ̀rọ̀ sí ọmọ náà lẹ́nu.

Mo gbé e lọ sílé wa nítòsí Fájuyì, mo ní kí màámi bá mi wò ó. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ní kí ni àgbàlagbà ń wá nídìí kàtúùn. Nígbà tó yá, ọwọ́ wọn dúró lórí àtẹ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Oko kòkó tí bàbá wa fi sílẹ̀ ni màámi tà lọ́dún 2022 kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lè lọ sí ìlú òyìnbó. Ìṣẹ́ tíṣà ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe níbí, ó sì fẹ́ràn ẹ̀. Arúgbó ló ń tọ́jú lọ́hùn-ún, lóru. Owó ẹ̀ ló ń san owó ilé-ìwé mi, òun ló ra fóònù tí mo fi gba fíìmù yìí. Gbogbo àdúgbò ló ń kí màámi pé wọ́n ṣe bẹbẹ. Àwọn náà á ní àwọn fi ọmọ sílẹ̀ fún ire ẹ̀ ni.

Fíìmù parí, NEPA sì mú iná lọ. Màámi ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, “Mọremí ọ̀hún, ṣé ó tiẹ̀ bi ọmọ náà léèrè ni?”

Mo ní, “Màámi, kò sí nínú ìwé.”

Wọ́n gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Wọ́n ní aago mélòó ni lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi báyìí, kí n bá wọn pè é.