Àwọn Ìbéèrè Ọdún 1756

Àwọn àgbà a máa wí pé abéèrè kì í ṣìnà. Ìtàn Lisbon, olú-ìlú ilẹ̀ Pọtogí, fi hàn bí òótọ́ ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ tó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1755, tí í ṣe Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́, àwọn ará ìlú náà péjọ sí ilé Ọlọ́run, àbẹ́là sì ń jó lórí pẹpẹ. Kí ó tó di agogo mẹ́wàá, ilẹ̀ mì tìtì. Ó dáwọ́ dúró díẹ̀, ó sì tún mì. Òrùlé wó lu àwọn tí ń gbàdúrà. Àwọn tí ó yọ sá lọ sí etí odò Tagus, níbi tí kò sí ilé tí yóò wó lù wọ́n. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí i tí omi fà sẹ́yìn, tí ìsàlẹ̀ odò sì hàn gbangba. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Kò pé wákàtí kan lẹ́yìn ìmìtìtì náà tí ìgbì ńlá fi ti òkun dé, ó sì gbá ọ̀pọ̀ wọn lọ. Iná àbẹ́là àti ti ààrò ran ìlú, ó sì jó fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún.

Àríyànjiyàn wá dé. Ní ọdún 1756, àlùfáà Gabriel Malagrida tẹ ìwé jáde pé ẹ̀ṣẹ̀ ìlú ni ó fa ìbínú Ọlọ́run, kì í ṣe ohun tí ó ti inú ilẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ní ọdún yìí kan náà ni ìjòyè ọba, tí a wá mọ̀ sí Marquês de Pombal, fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn ìjọ ilẹ̀ náà: Agogo mélòó ni ó bẹ̀rẹ̀? Báwo ni ó ti pẹ́ tó? Ènìyàn mélòó ni ó kú? Òkun ha kọ́kọ́ fà sẹ́yìn ni, tàbí ó kọ́kọ́ kún? Àwọn àlùfáà ìjọ ni ó kọ ìdáhùn.

Ní ọdún 1760, John Michell ti Cambridge, tí òun náà di àlùfáà ìjọ, gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò, ó sì kọ ọ́ pé ìmìtìtì a máa rìn nínú ilẹ̀ bí ìgbì. Lónìí a mọ̀ pé àwọn ìpele àpáta ńláńlá ni ó ń ti ara wọn. Nígbà tí wọ́n bá yẹ̀ lójijì lábẹ́ òkun, ilẹ̀ a mì, omi a sì rú.

Olúwa wa tìkára rẹ̀ kò gbà pé àwọn méjìdínlógún tí ilé ìṣọ́ Síloámù wó pa jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá béèrè ohun tí ó mú ilẹ̀ mì, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ kọ́ ọ pé bí òkun bá fà sẹ́yìn lójijì, kí ó má ṣe dúró wòran. Kí ó sá gun òkè.