Fíìmù Kéékèèké Àwọn Ọmọ Onílẹ̀ Kánádà ní Ilé-Ìkàwé Gbogbogbòò

Fíìmù kéékèèké tí àwọn ọmọ onílẹ̀ Kánádà fúnra wọn ṣe ni àpilẹ̀kọ yìí yẹ̀ wò. Àwọn ilé-ìkàwé gbogbogbòò ibẹ̀ a máa fi wọ́n han aráàlú lọ́fẹ̀ẹ́, pàápàá nígbà Ọjọ́ Àwọn Ọmọ Onílẹ̀, 21 oṣù Kẹfà. Èrò wa ni pé kò síbi tó yẹ fíìmù wọ̀nyí tó ilé-ìkàwé, nítorí pé orí pẹpẹ ibẹ̀ ni ìwé tí àwọn àjèjì kọ nípa àwọn ọmọ onílẹ̀ tò sí. Lẹ́nu oníkàn la sì ti í gbọ́ pọ́ùn.

Ọjọ́ pẹ́ tó jẹ́ pé aláwọ̀ funfun ló ń gbé kámẹ́rà, tí ọmọ onílẹ̀ kàn ń dúró kí wọ́n ya òun. Ní 1968, National Film Board, iléeṣẹ́ fíìmù ìjọba, kó àwọn ọ̀dọ́ ọmọ onílẹ̀ jọ, ó sì kọ́ wọn níṣẹ́. Willie Dunn, ọmọ Mi'kmaq, wà lára wọn. Fíìmù rẹ̀, The Ballad of Crowfoot, jáde lọ́dún náà. Ìṣẹ́jú 10 péré ni. Crowfoot ni olóyè Siksika tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba ní 1877. Fọ́tò àtijọ́ àti àgékù ìwé ìròyìn ni Dunn tò tẹ̀ léra, ó sì fi orin tó kọ fúnra rẹ̀ gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Àjèjì ló ya púpọ̀ nínú fọ́tò náà, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ Dunn, wọ́n di ẹlẹ́rìí fún àwọn tí wọ́n já ilẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn.

Ní 1971, Alanis Obomsawin, ọmọ Abenaki, gbé Christmas at Moose Factory jáde, ìṣẹ́jú 13. Àwòrán kiréyọ́ọ̀nù tí àwọn ọmọdé Cree yà ló wà níbẹ̀ látòkèdélẹ̀, ohùn àwọn ọmọ náà ló sì ń ròyìn ọdún Kérésì ní ìlú wọn. Ilé-ìwé tí ìjọba àti ṣọ́ọ̀ṣì ń kó ọmọ onílẹ̀ sí nígbà náà, kúrò lọ́dọ̀ òbí, ni wọ́n ti ṣe é. Ó lé ní 150,000 ọmọ tó gba irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ kọjá, tí wọ́n sì ń fìyà jẹ wọ́n bí wọ́n bá sọ èdè wọn. Obomsawin bi àwọn ọmọ inú fíìmù rẹ̀ léèrè, ó sì tẹ́tí.

Kíkúrú fíìmù wọ̀nyí ń ran ilé-ìkàwé lọ́wọ́: mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè parí láàárín wákàtí kan, kí àyè ìjíròrò sì ṣẹ́ kù. Iṣẹ́ náà kò sì dúró. Láti 2004 ni ọkọ̀ Wapikoni Mobile ti ń gbé kámẹ́rà lọ bá àwọn ọ̀dọ́ ní abúlé wọn. Ní 2018, National Film Board gbé fíìmù ọmọ onílẹ̀ tó lé ní 200 sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìfihàn ọjọ́ kan lọ́dún kò tó. Ó yẹ kí ilé-ìkàwé fi orúkọ olùdarí àti ẹ̀yà rẹ̀ sínú kátálọ́ọ̀gì, kí wọ́n pe àgbà ẹ̀yà náà wá sọ̀rọ̀ kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì to fíìmù náà mọ́ ìwé ìtàn Kánádà, kí ẹni tó wá yá ọ̀kan lè rí èkejì.