Ayọ̀: Orírun Ọ̀rọ̀ Náà àti Ipò Rẹ̀ Nínú Ifá

Kò sí ọdún Ifá tí a kì í gbọ́ "ayọ̀" lẹ́nu ọmọ awo àti lẹ́nu àlejò. Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu bẹ́ẹ̀ yẹ ní títú wò.

Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe "yọ̀" ni ayọ̀ ti wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe so ó mọ́ "yọ", bí oòrùn ti ń yọ. Ohùn àárín ni ti oòrùn, ohùn ìsàlẹ̀ ni ti ayọ̀. Ìdùnnú ní tirẹ̀ jẹ́ àpapọ̀ "dùn" àti "inú". Ìdùnnú lè wà nínú ènìyàn kí ará ilé má mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń yọ̀, ara rẹ̀ a máa sọ. Nígbà tí méjèèjì bá pàdé, a ní ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀.

Kí Àjàyí Crowther tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, àwọn babaláwo ti ń kì ayọ̀ nínú Ifá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá fi hàn pé ẹsẹ Ifá lè ní ìpín mẹ́jọ. Ìpín keje ni a ti ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ti rí lára ẹni tí ó dá Ifá, ìbáà ṣe ayọ̀, ìbáà ṣe ìbànújẹ́. Ẹ kíyè sí ipò náà: ẹni tí ó bá gbọ́ràn, tí ó rúbọ, tí ọ̀rọ̀ awo sì ṣẹ sí lára, òun ni ayọ̀ ń bá. Kì í dá ìyìn náà jẹ. Ìyìn a ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ awo, a sì ti ọ̀dọ̀ awo dé ọ̀dọ̀ Ifá. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ ọmọ ní Ifákáyọ̀dé.

Ṣùgbọ́n ojú méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ní. Ọ̀rẹ́ ni à ń wí fún pé, "Ẹ bá mi yọ̀." Nípa ti ọ̀tá, àdúrà wa ni pé kí ó má yọ̀ wá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ìwà ẹni tí ó ń yọ̀ ni ó yà wọ́n. Nítorí náà, bí a ti péjọ lónìí, kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ léèrè: ta ni mo wá bá yọ̀? Ẹni tí ó bá ń bínú sí ẹnìkejì rẹ̀, kí ó lọ parí ìjà kí ìlù tó dún.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.