Ẹsẹ̀ Kíkú àti Ara Títa: Ohun Tó Lè Fà Á

Ara kíkú ni kí ibì kan lára ènìyàn má mọ ìfọwọ́kàn, ooru tàbí ìrora mọ́ bó ṣe yẹ. Ara títa sábà máa ń bá a rìn: ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ yóò máa ta bí ata, yóò máa ṣe bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún un, tàbí bí ẹni pé nǹkan ń rìn lábẹ́ awọ. Àwọn méjèèjì kì í ṣe àrùn fúnra wọn. Àmì ni wọ́n pé nǹkan ń ṣe iṣan ìmọ̀lára, ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí ọpọlọ. Ní Ìdànrè, ìlú olókè àti oníkòkó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ohun tó ń fà á pọ̀, láti orí oúnjẹ títí dé orí iṣẹ́ oko.

Bí ìmọ̀lára ṣe ń rìn

Iṣan ló ń gbé ìmọ̀lára láti awọ lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni yóò ti gòkè dé ọpọlọ. Iṣan tó ti orí ìka ẹsẹ̀ wá ló gùn jù. Ìdí nìyẹn tí àìsàn tó bá kan gbogbo iṣan fi sábà ń kọ́kọ́ hàn ní ìka ẹsẹ̀ méjèèjì, tí yóò sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣan kan ṣoṣo ni nǹkan tẹ̀ mọ́lẹ̀, ibi tí iṣan náà dé nìkan ni yóò kú. Bó bá jẹ́ ọpọlọ ni, ẹ̀gbẹ́ kan ara ló sábà ń mú. Pajápajá tó ń mú ẹni tó jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò léwu. Bó bá ti na ẹsẹ̀ náà, yóò lọ.

Àtọ̀gbẹ

Àtọ̀gbẹ wà lára ohun tó wọ́pọ̀ jù tó ń pa iṣan ẹsẹ̀. Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀ máa ń ba iṣan jẹ́ àti òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ ọ. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ní in títí ẹsẹ̀ fi kú. Ewu tó tẹ̀ lé e tún burú ju ara títa lọ: ìṣó lè gún ẹsẹ̀ náà, tàbí kí omi gbígbóná tí wọ́n fi ń jó o bó o, kí ẹni náà má sì mọ̀. Egbò bẹ́ẹ̀ ló ń di ohun tí wọ́n ń gé ẹsẹ̀ lé lórí.

Oúnjẹ

Ilẹ̀ Yorùbá ní ìtàn tó jinlẹ̀ lórí èyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, oníṣègùn iṣan àti ọpọlọ ní Ìbàdàn, tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 1968 lórí àìsàn tó ń pa ẹsẹ̀, tó ń mú ìrìn ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tó sì ń ṣe ojú àti etí bàìbàì. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá a káàkiri agbègbè Ẹ̀pẹ́, láàárín àwọn tó ń jẹ gbágùúdá lójoojúmọ́ láìfi bẹ́ẹ̀ rí ẹja tàbí ẹran jẹ. Gbágùúdá tútù ní májèlé sáyánáìdì nínú. Rírẹ ẹ, rírin ín, fífún un gbẹ àti yíyan án ló ń lé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2000 bá àìsàn yìí lára nǹkan bí ènìyàn 6 nínú 100 ní Òsósà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn onímọ̀ kan ti wá ń bèèrè bóyá gbágùúdá nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n kò sí ìjà lórí ohun kan: gbágùúdá tí wọn kò ṣe dáadáa kò yẹ lẹ́nu.

Èkejì ni èkùkù, kòkòrò tó ń jẹ ewé arère, tí wọ́n máa ń yan jẹ lásìkò òjò. Ó ní èròjà kan tó ń ba fítámì B1 jẹ́. Ní ọdún 1993, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Adamolekun fi hàn pé èkùkù bá àìsàn ara gbígbọ̀n àti ìrìn títa gọ́ọ́gọ́ọ́ tan, èyí tó ń jà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lásìkò yẹn lọ́dọọdún. Lọ́dún 1994, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé fítámì náà ń wò ó. Àìtó fítámì B1 yìí kan náà máa ń pa ẹsẹ̀. Ó sì ń ṣe àwọn tó ń fi ògógóró rọ́pò oúnjẹ. Àìtó fítámì B12 náà ń pa ẹsẹ̀, pàápàá lára àgbàlagbà àti àwọn tó ti lo oògùn àtọ̀gbẹ metformin fún ọdún púpọ̀.

Iṣẹ́ oko

Àpò kòkó gbígbẹ máa ń lé ní kílò 60. Ẹni tó ń fi orí àti ẹ̀yìn rù ú lọ́dọọdún lè rí i pé eegun ọrùn tàbí ti ìbàdí ń tẹ iṣan, tí apá tàbí itan kan yóò sì máa ta. Àdá lílò láìsinmi lè fún iṣan ọrùn ọwọ́ pọ̀, kí àtàńpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e máa kú lóru. Aboyún náà sábà ń ní èyí. Oògùn apakòkòrò tún wà níbẹ̀. Àwọn kan nínú wọn lè ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹni tó fọ́n ọn ti fà á símú tàbí tó gba ara rẹ̀ wọlé. NAFDAC fòfin de chlorpyrifos, ọ̀kan nínú irú wọn, lọ́dún 2024. Ìbọ̀wọ́, ìbomú àti bàtà rọ́bà kì í ṣe àṣejù.

Àrùn kòkòrò àti oògùn

Ẹ̀tẹ̀ máa ń fi ara rẹ̀ hàn pẹ̀lú àbàwọ́n tó fẹ́ funfun tàbí tó pọ́n, tí kò mọ ìfọwọ́kàn. Oògùn rẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, oṣù 6 tàbí 12 ni wọ́n ń lò ó, ó sì ń wò ó pátápátá. Kòkòrò HIV lè ba iṣan jẹ́. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ isoniazid náà lè mú ẹsẹ̀ ta, ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn fi ń fi fítámì B6 kún un. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí dá oògùn ikọ́ dúró fúnra rẹ̀.

Èyí tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la

Bí ẹ̀gbẹ́ kan ara bá kú lójijì, tí ẹnu wọ́ tàbí tí ọ̀rọ̀ kò já gaara, rọpárọsẹ̀ lè ni. Bí kíkú bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀, tó ń gòkè láàárín ọjọ́ díẹ̀ pẹ̀lú àìlágbára, ó lè dé èémí. Bí abẹ́ bá kú tí ìtọ̀ kò sì ṣeé ṣe, tàbí tí ènìyàn já bọ́ láti orí igi tàbí orí àpáta tí ẹsẹ̀ sì kú, ọ̀pá ẹ̀yìn ń kígbe. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé gbogbo wọn lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àyẹ̀wò àti ìtọ́jú

Oníṣègùn yóò bèèrè oúnjẹ, iṣẹ́ àti oògùn, yóò fi òwú kan ẹsẹ̀, yóò sì yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹni tó bá nílò àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ lè lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ṣe ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn ní Oǹdó tàbí Àkúrẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń sọ pé wọ́n ti gbé nǹkan kalẹ̀ fún aláìsàn tẹ̀, oṣù á sì máa gorí oṣù nídìí ètùtù. Iṣan tó bà jẹ́ kì í tètè sàn; èyí tó bá ti kú tán lè má padà bọ̀ sípò. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ tí kò dunni, tí kò sì mọ nǹkan, fi yẹ ní àyẹ̀wò kíákíá bí èyí tó ń dunni.