Báfù àtijọ́ àbí ti ìgbàlódé: èwo ni ká fowó wa rà?

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá fẹ́ ra báfù, yálà fún ilé tàbí fún ẹgbẹ́, oríṣi méjì lẹ máa bá lọ́jà: àlòkù àtijọ́ tó ti òkè òkun dé, àti tuntun. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ire àti àléébù tirẹ̀.

Ohùn àti kúràn

Ẹ wo nọ́ńbà dB tó wà lẹ́yìn báfù tàbí nínú ìwé rẹ̀. Òun ló ń sọ bí ohùn rẹ̀ ṣe pọ̀ tó lórí wáàtì 1, ní mítà 1. Bí báfù kan bá fi 3 dB dín sí èkejì, ìlọ́po méjì wáàtì ló máa gbà kí ohùn wọn tó dọ́gba. Ibi tí báfù 93 dB ti ń jẹ wáàtì 10, èyí tó jẹ́ 84 dB á jẹ 80. Ọ̀pọ̀ báfù ńlá àtijọ́ ń ké dáadáa lórí wáàtì díẹ̀, torí ámpílì ayé ìgbà yẹn kò lágbára. Kì í ṣe gbogbo wọn o: Klipschorn ti 1946 kì í jẹ kúràn púpọ̀, àmọ́ AR-1 ti 1954, tí àpótí rẹ̀ kéré, ń jẹ ẹ́ gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo iná oòrùn, ẹ fọkàn sí èyí.

Ara báfù

Fóòmù tó yí páálí báfù ká ni ọ̀tá ti àtijọ́. Ooru àti ọ̀rinrin wa ń jẹ ẹ́, á máa rún wómúwómú. Rọ́bà àti aṣọ máa ń pẹ́ jù ú lọ. Oníṣẹ́ ọwọ́ lè pààrọ̀ fóòmù, ẹ sáà bèèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó sanwó báfù.

Báfù tuntun tó ní ámpílì àti Bluetooth nínú rọrùn láti lò, àmọ́ bí iná inú rẹ̀ bá jó, àtúnṣe rẹ̀ máa ń le.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ fi ìka ti páálí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá ń ha, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi òkúta iná 1,5 volt kan ojú wáyà méjèèjì fìrí: ó yẹ kó dún, kí páálí sì mì. Ẹ rí i pé ámpílì yín gba iye óòmù tí wọ́n kọ sí i lára.

Bí oníṣẹ́ bá wà nítòsí, àtijọ́ tó dáa kì í ṣe àdánù. Bí kò bá sí, tuntun tó ní gàrántí ló fọkàn ẹni balẹ̀.